Aṣọ funfun tí mi ò ká wọlé

Ọjọ́ méjìlá ni mo dá fún aginjù. Mo lo ọjọ́ méjìlá náà pé, àmọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń di ẹrù báyìí, tó sì ń rò lọ́kàn ara rẹ̀ bí mo ṣe rò: pé bí òun bá ti jìnnà sí èèyàn tó, tí òun sì fi ebi àti òùngbẹ jẹ ara níyà tó, dandan ni kí Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi ná.

Àbúrò mi kan ló kú. Oṣù mọ́kànlá kó tó kú, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, mo sì sọ fún un pé kó má pè mí mọ́ títí tí yóò fi ṣe tán láti tọrọ àforíjì. Kò pè mí mọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Lẹ́yìn ìsìnkú mo ṣì ń darí ẹgbẹ́ àdúrà tí mo ti ń darí tẹ́lẹ̀, mo ṣì ń gbé ọwọ́ lé àwọn èèyàn lórí, wọ́n ṣì ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ fún ara mi, ọ̀rọ̀ kì í wá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fa omi nínú kànga tó ti gbẹ: okùn ń lọ, garawa ń kan ìsàlẹ̀ gbà, kò sí ohun tó ń bọ̀ wá sókè. Ọdún méjì gbáko ni mo fi wà bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo gbọ́ pé ibì kan wà nínú aginjù tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fẹ́ dá wà pẹ̀lú Ọlọ́run sílé, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí wọn.

Èrò mi ni pé iyanrìn ni aginjù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú Sàhárà pàápàá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni iyanrìn. Òkúta ló pọ̀ jù. Ibi tí mo lọ yìí, òkúta ni tìbú-tòòró, òkúta pupa, òkúta dúdú, gbogbo wọn jọra wọn bí ìbejì. Ahéré oníyàrá kan ni wọ́n fún mi, tí wọ́n fi òkúta mọ. Ẹní wà níbẹ̀, àga kan, àgbá omi, fìtílà, ìṣó mẹ́ta lára ògiri. Níta, òpó gíga kan dúró. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀ lẹ́bàá kànga, kò tó kìlómítà méjì síbi tí mo wà, ṣùgbọ́n a kì í rí ara wa, àyàfi òpó yẹn tó lè rí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó ní láti sọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú mi.

“Ọmọ mi, omi lítà 5 lójúmọ́. Bí òùngbẹ gbẹ ọ, mu ún. Bí kò gbẹ ọ, mu ún. Iyọ̀ wà nínú ike yìí, máa fi sí oúnjẹ rẹ. Fèrè yìí, ọrùn rẹ ni kó máa wà, kódà tó o bá fẹ́ lọ tọ̀. Tó o bá jáde tí o ò mọ ibi tó o wà mọ́, jókòó. Má rìn. Jókòó.”

Lẹ́yìn náà ló gbé aṣọ funfun kan fún mi, tó fẹ̀ tó aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n máa na aṣọ náà sórí òpó ní àárọ̀, kí n sì máa ká a wọlé ní ìrọ̀lẹ́. “Mi ò ní wá dà ọ́ láàmú. Aṣọ yìí ni màá máa bá sọ̀rọ̀. Bí mi ò bá rí i láàárọ̀, mo ń bọ̀.”

Mo ń mi orí. Mo ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ọkàn mi ò sí lára gbogbo ohun tó ń sọ. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìgbà tí bàbá yìí máa lọ kí n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo bá wá.

Mo ti ṣe ìpinnu kan tí mi ò sọ fún un: ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun, omi sì jẹ́ ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Mo ti gbààwẹ̀ rí, àìmọye ìgbà. Ohun tí mi ò rò ni pé inú ilé ni mo ti máa ń gbà á, lábẹ́ òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́rinrin. Ààwẹ̀ tí èèyàn gbà nínú ilé àti ààwẹ̀ tó gbà nínú aginjù, orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, mo na aṣọ náà. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo ká a. Àárọ̀ kejì, bí mo ṣe ń so ó mọ́ òpó, èrò kan wá sí mi lọ́kàn pé iṣẹ́ aṣọ yìí ń já àdúrà mi sí méjì. Kí ló dé tí n óò fi máa dìde lórí eékún tìtorí aṣọ? Mo bá so ó le dan-in, mo ta kókó mẹ́ta, mo sì fi í síbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Lójú mi, mo ti já okùn tó kẹ́yìn tó so mí mọ́ èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí pé nínú gbogbo àṣìṣe mi, èyí ló burú jù, kò sì jọ àṣìṣe rárá nígbà tí mo ń ṣe é. Iṣẹ́ aṣọ yẹn ni pé kó sọ fún ẹnì kan pé mo wà láàyè. Nígbà tí mo fi í síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, mo ti kọ́ ọ láti parọ́. Bí mo bá kú sórí ẹní, á ṣì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ pé àlàáfíà ni mo wà.

Ọjọ́ kejì, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀fọ́rí náà ti di ohun tó ń lù bí ìlù lẹ́yìn ojú mi. Ìtọ̀ mi dín kù, ó sì pọ́n bí omi ìpẹtà. Tí mo bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ mi, n óò di ògiri mú. Ohun tó tàn mí jẹ ni pé mi ò rí òógùn lára mi rárá, mo sì rò pé tí mi ò bá làágùn, omi ara mi ò lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ débi pé bí òógùn bá ṣe ń jáde ló ń gbé e lọ. Ọjọ́ kẹta yẹn ni mo bọ́ ẹ̀wù dúdú tí mo wọ̀, mo rí ìlà funfun kan tó yí abíyá rẹ̀ ká, òmíràn lẹ́yìn, bí àwòrán ilẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni. Iyọ̀ ara mi. Mo wò ó, mo sì tún wọ ẹ̀wù náà padà.

Kí ló dé tí mi ò mu omi? Nítorí pé gbogbo ohun tó ń ṣe mí ni mo ti fún ní orúkọ mìíràn. Mo pe ẹ̀fọ́rí ní ogun ẹ̀mí. Mo pe òòyì ní agbára tó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọkàn mi ń yára lù lórí ìdúró, mo ní ó ti kù díẹ̀. Àmì àìsàn ni mo ń kà sí àmì ìbẹ̀wò. Mo ti darí àwọn èèyàn nínú ààwẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ títí dòní pé mi ò mọ ìyàtọ̀.

Mo ti wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Tí ooru bá mú ara èèyàn kọjá bó ṣe yẹ, tí ìgbóná ara bá gòkè ju 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ, ọpọlọ wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣí nípò. Ẹni náà á máa sọ ìsọkúsọ, á máa rí ohun tí kò sí, kò sì ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹ wò ó dáadáa: làákàyè tí mo fẹ́ lò láti mọ̀ pé mo wà nínú ewu, òun gan-an ni ewu náà kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi. Kò sí bí ìgbàgbọ́ èèyàn ṣe lè pọ̀ tó, kò lè fi orí tó ti dàrú wo orí tó ti dàrú. Ojú ẹlòmíràn ló lè wò ó. Ojú ẹlòmíràn yẹn ni mo fi aṣọ bò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí ẹnì kan pe orúkọ mi lẹ́yìn ahéré. Mo gbọ́ ọ kedere. Mo dìde, mo jáde. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Fìtílà wà lórí àga, fèrè wà lórí ìṣó. Mo gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ahéré, mo sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, mo ń dáhùn pé, “Èmi nìyí.” Mi ò mọ bí mo ṣe rìn tó. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ara mi wálẹ̀ díẹ̀, oòrùn ti wọ̀, òkùnkùn sì dé lẹ́sẹ̀ kan náà bí ẹni tó paná.

Mo yí padà. Mo rìn síbi tí mo rò pé ahéré wà. Mo kọjá lára àpáta ńlá kan tó là sí méjì bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Mo rìn títí, mo tún kan àpáta kan tó là sí méjì bí ìwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Mo ní àpáta bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí. Ìgbà kẹta tí mo dé ìdí rẹ̀, mo fọwọ́ pa á, ọwọ́ mi bọ́ sínú ihò kan tí mo ti fọwọ́ bà lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí di ẹ̀rù gidi.

Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ kan láti Jámánì gbé ìwádìí jáde nípa bí èèyàn ṣe ń rìn tí kò bá rí àmì kankan tọ̀. Wọ́n mú àwọn kan lọ sínú igbó ní Jámánì, wọ́n mú àwọn mìíràn lọ sí Sàhárà ní Túnísíà, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn tààrà. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn tàbí òṣùpá bá wà lókè, wọ́n gbìyànjú. Tí kùrukùru bá ti bò ó, wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo láìmọ̀, lójú tiwọn tààrà ni wọ́n ń lọ. Ara ẹlẹ́ran ara ló rí bẹ́ẹ̀. Bàbá yẹn ò ka ìwádìí kankan, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nìyẹn nígbà tó ní kí n jókòó.

Mo jókòó. Mo fẹ̀yìn ti àpáta náà.

Lẹ́yìn náà ni otútù dé. Èmi tí oòrùn ń sun lọ́sàn-án, eyín mi ń gbá ara wọn lóru. Kò sí kùrukùru lókè, kò sí ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà kò sí ohun tó lè dá ooru ilẹ̀ dúró. Gbogbo ohun tí òkúta gbà lọ́sàn-án ló ń dá padà sójú ọ̀run. Mo káwọ́ mọ́ra, mo ká ẹsẹ̀ mọ́ àyà. Èèyàn á rò pé mo gba àdúrà ńlá lóru yẹn. Rárá. Mi ò pe Ọlọ́run. Orúkọ àbúrò mi ni mo ń pè.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, mo gbọ́ fèrè. Mo fẹ́ kígbe, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ohùn tó jáde ò ju ti ológbò lọ. Mo bá mú òkúta méjì, mo fi wọ́n lu ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo dúró, mo tún lù wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí ẹsẹ̀ bàbá náà níwájú mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ka ìṣísẹ̀ láti ìdí àpáta yẹn dé ẹnu ọ̀nà ahéré. Kò pé 400.

Ẹ ó béèrè pé kí ló gbé bàbá wá nígbà tí aṣọ ṣì ń fẹ́ lórí òpó. Ohun tó gbé e wá ni pé aṣọ náà ò wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó rí i níta, ó ní bóyá mo gbàgbé ni. Ọjọ́ kẹta, kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé òun ò ní dà mí láàmú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, aṣọ wà níta, ìmọ́lẹ̀ fìtílà kankan ò sì hàn lẹ́bàá òpó. Òun náà kì í rin òkè yẹn lóru. Kò sùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí tí ojú ọ̀run fi là.

Kò jẹ́ kí n gbé ife sẹ́nu. Síbí ló fi ń fún mi lómi, omi tó po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́, síbí kan, a ó dúró, síbí mìíràn. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fi lé mi lọ́rùn àti abẹ́ abíyá. Kò bá mi wí rárá. Mo fẹ́ kó bá mi wí. Àfìgbà tó di ọjọ́ kejì, tí mo ti jẹun tí mo sì ti tọ̀ dáadáa, ló tó sọ̀rọ̀.

“Èlíjà tí ẹ̀yin gbogbo máa ń tìtorí rẹ̀ wá síbí, kí ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ sọ fún un?”

Mo mọ ìtàn náà. Mo ti wàásù lórí rẹ̀. Mo ní, “Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, Bàbá.”

Ó ní, “Rárá o. Áńgẹ́lì ní kó dìde kó jẹun.”

Òótọ́ ni. Orí kọkàndínlógún ìwé Àwọn Ọba Kìíní ni. Èlíjà dé abẹ́ igi nínú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó sùn. Áńgẹ́lì jí i pẹ̀lú àkàrà àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì tún jí i, ó ní kó jẹun torí pé ọ̀nà náà jìn. Ẹ̀yìn oúnjẹ méjì àti oorun méjì ló tó lọ sí òkè Hórébù tó ti gbọ́ ohùn yẹn. Ogún ọdún ni mo fi ń fo ibi oúnjẹ kọjá láti sáré dé ibi ohùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn tí mo rò pé wọ́n dá wà. Antony ti Íjíbítì, Kristẹni ìgbàanì kan tó lọ dá wà nínú aginjù, tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 251, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tọ́ka sí: ogún ọdún nínú ilé olódi kan tó ti di ahoro. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti jókòó sẹ́sẹ̀ àgbàlagbà kan tó mọ ọ̀nà náà. Omi wà nínú ilé olódi yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń ti òkè gbé búrẹ́dì sọ̀ fún un. Ẹ tún wo Ànábì Muhammad nígbà tó máa ń lọ dá wà nínú ihò Hira lẹ́bàá Mẹ́kà: á di oúnjẹ lọ́wọ́ lọ, tó bá tán, á padà sọ́dọ̀ Khadija ìyàwó rẹ̀ láti gba òmíràn. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ẹnì kan wà tó mọ ọjọ́ tí búrẹ́dì á tán. Èmi ni mo ta kókó mẹ́ta sórí aṣọ.

Bàbá béèrè bóyá mo fẹ́ lọ sílé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ronú lé e, ó ní òun gbà, bí mo bá lè máa jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ọjọ́ tó kù le ju mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ, lọ́nà mìíràn. Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ní ohun tí mo ń bá jà. Wàyí o, mo ti yó, ara mi ti balẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ ẹ̀jẹ̀ nínú etí ara mi. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àárẹ̀ kan á dé tí kì í ṣe ti ara. N óò wo oòrùn, n óò tún wò ó, kò kúrò níbi tó wà. N óò lọ sẹ́nu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀. N óò ro iṣẹ́ rere tí mi ò bá ti máa ṣe nílé, àwọn aláìsàn tí mi ò bá ti bẹ̀ wò. Ó jọ èrò mímọ́, ṣùgbọ́n sísá ló fẹ́ kí n sá.

Evagrius, mọ́ńkì kan tó gbé nínú aginjù Íjíbítì, tó sì kú ní ọdún 399, ti ṣàpèjúwe ohun yìí bí ẹni pé inú ahéré mi ló jókòó sí. Ó ní láti wákàtí kẹrin dé ìkẹjọ ọjọ́ ló máa ń kọlu èèyàn, èyí tó bọ́ sí aago mẹ́wàá sí aago méjì. Pé á mú kí oòrùn dà bí èyí tí kò rìn mọ́, kí ọjọ́ sì gùn tó wákàtí 50. Àwọn ìgbàanì fi í wé ìparun tó ń runni ní ọ̀sángangan nínú Sáàmù kọkànlélàádọ́rùn-ún. Nígbà tí mo rántí pé ẹnì kan ti mọ ọ́n, tó sì ti fún un lórúkọ, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀ lára mi.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló bá mi ṣẹ́gun rẹ̀. Àwọn ará aginjù ìgbàanì máa ń hun okùn àti agbọ̀n, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Wọ́n ní nígbà tí àárẹ̀ yìí mú Antony fúnra rẹ̀, ó rí ẹnì kan tó jọ ọ́ tó jókòó tó ń hun okùn, tó dìde gbàdúrà, tó tún jókòó sídìí okùn rẹ̀; áńgẹ́lì ni. Èmi ò mọ okùn hun. Ṣùgbọ́n ògiri kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré tó ti wó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ó padà ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀sán n óò wà nínú ilé n óò ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ má lọ síbi báyìí láìní ohun tí ọwọ́ yín á máa ṣe. Ẹ sì máa gbọn bàtà yín kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́: àkekèé méjì ni mo gbọ̀n jáde ní ọjọ́ méjìlá, ọ̀kan kéré tó ìṣó.

Ọjọ́ kẹsàn-án, òkúta kan já lé mi ní àtàǹpàkò. Omijé bọ́ lójú mi nítorí ìrora, ó sì yẹ kó dá, kò dá. Mo jókòó sórí ògiri tí mi ò tíì tò tán, mo sunkún bí ọmọdé. Inú ẹkún yẹn ni mo ti rí ohun tí mo bá wá. Mo fẹ́ kí Ọlọ́run sọ pé ó ti tán, kí èmi má baà sọ ohun tí mo ṣe. Mo wá ohùn tirẹ̀ kí n má baà gbọ́ ohùn tèmi.

Mo bá sọ ọ́. Mo tún gbólóhùn tí mo sọ fún àbúrò mi sọ, ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ìbínú tó wà nínú rẹ̀. Nínú ilé, ariwo á ti gbé e mì. Níbẹ̀, kò sí ohun tó gbé e mì. Ó dúró síwájú mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ èyí tó yẹ kí n ti sọ fún un nígbà tí ó wà láàyè, mo sì fi orúkọ tí ìyá wa máa ń pè é pè é.

Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo fẹ́ kó yé yín dáadáa, torí ìtàn tí àwọn tó lọ síbi báyìí máa ń sọ ló gbé mi lọ. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó dúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wá: ṣàánú mi. Lẹ́yìn ọdún méjì, tèmi ni wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ lo òru kan ṣoṣo, kì í ṣe ọjọ́ méjìlá. Omi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mu, kódà nínú aginjù tí ooru rẹ̀ ò pọ̀, kò gbọdọ̀ dín ní lítà 4 lójúmọ́, ẹ sì jẹ iyọ̀ mọ́ ọn, torí omi nìkan tó pọ̀ láìsí iyọ̀ lè ṣe yín léṣe. Ẹ má sùn sí ojú odò tó ti gbẹ, bó ti wù kó tẹ́jú tó. Òjò tó rọ̀ níbi tí ojú yín ò dé lè gba ibẹ̀ wá bá yín. Ẹni tó ń lo oògùn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Ẹni tí èrò ikú ti ń bẹ̀ wò nílé, kó má lọ dá wà pẹ̀lú rẹ̀, ibi tí èèyàn wà ni kó lọ. Tẹ́ ẹ bá sì padà, ẹ má tan fóònù yín lójú ọ̀nà. Èmi tan tèmi, kí n tó délé mo ti bínú sí ẹni mẹ́ta.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, mo na aṣọ náà sórí òpó bí mo ṣe ń ṣe láti ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí mo di ẹrù mi tán, mo ká a. Eruku ti mú kó le, igun rẹ̀ kan ti ya níbi kókó mẹ́ta yẹn. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí kànga. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó fìka kan ibi tó ya, ó tún ká a. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú.

Ó ní, “Ṣé o ti mu omi láàárọ̀ yìí?”

Mo ní, “Mo ti mu ún, Bàbá.”